Kílò Ọmọ Ló Ń Sọ Iye Oògùn Ibà

Lára ọ̀pọ̀ ìgò paracetamol olómi tí wọ́n ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì Apo, ní Abuja, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀yìn: ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5, 5 ml sí 10 ml, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń kà á ló ní wàhálà nínú. Wọ́n gbà pé bí ara ọmọ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, 5 ml ti tó; bí ó bá gbóná janjan, kí wọ́n gbé e lọ sí 10 ml. Ẹni tó ń ta oògùn náà lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ìdánilójú, ní Pidgin, ní Hausa tàbí ní Yorùbá, torí Apo Resettlement jẹ́ ibi tí oríṣiríṣi èdè ti ń pàdé lórí káńtà kan náà.

Àlàfo tó wà láàrin 5 ml àti 10 ml kò kan bí ibà ṣe le tó. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ló kàn. 5 ml jẹ́ ti ọmọ ọdún kan tó wọn nǹkan bíi kílò 10; 10 ml jẹ́ ti ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́fà, tó wọn nǹkan bíi kílò 20. Wọ́n kó àwọn ọmọ tí ara wọn kò dọ́gba rárá sínú ìlà kan ṣoṣo, torí pé òbí mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ ju kílò rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, ìṣirò náà kò le. Iye paracetamol tí àwọn dókítà ọmọdé ń lò lẹ́ẹ̀kan ni 10 mg sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n. Ká ní síróòpù náà ní 120 mg nínú 5 ml, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ní. 10 ml yóò ní 240 mg. Bí ọmọ kílò 20 bá mu ún, 12 mg ló bọ́ sí kílò kọ̀ọ̀kan; ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ọdún kan tí kò sanra, tó wọn kílò 8, bá mu iye kan náà, 30 mg ló bọ́ sí kílò kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po méjì ohun tó pọ̀ jù tó yẹ kó gbà nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ó di 120 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ààlà tí òbí lè dá lò nílé fún odidi ọjọ́ kan kò ju 60 mg lọ. Ìyá náà kò sì ṣàìgbọràn o. Ohun tí ìgò wí ló ṣe.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wọn kílò 19, tí wọ́n fún ní 5 ml nítorí ìbẹ̀rù, gba mg 6 àti díẹ̀ péré fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Kí wákàtí méjì tó pé, ìyá rẹ̀ á ní oògùn yẹn kò ṣiṣẹ́, á lọ ra òmíràn tí wọ́n ní ó lágbára, á fún un lé èyí tó ti mu tẹ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé paracetamol kan náà ni òun tún rà.

Ohun tí ara ń fi oògùn náà ṣe

Bí oògùn bá ti wọ inú, ẹ̀jẹ̀ á gbé e káàkiri gbogbo ara. Ara tó tóbi ní ẹ̀jẹ̀ àti omi púpọ̀ tí oògùn yóò tàn ká inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì tóbi. Ara kékeré kò ní wọn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò fi jẹ́ nǹkan kan lára bàbá, tí yóò sì pọ̀ lápọ̀jù fún ọmọ tó gbé sórí itan.

Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ paracetamol mọ́. Ó ń yí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sí ohun tí kò léwu, tí yóò bá ìtọ̀ jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń di májèlé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní glutathione tó máa ń rọ májèlé náà lójú ẹsẹ̀, kó tó ba nǹkan kan jẹ́. Tí oògùn bá wà ní ìwọ̀n, èròjà yìí tó, ó ṣẹ́kù. Tí oògùn bá ń ya wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, èròjà á tán nílẹ̀, májèlé á sì kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ ni ara fi ń pèsè èròjà náà. Ọmọ tí ibà ti mú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò jẹun, tó ń bì, ni èròjà yìí kéré jù lára rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń fún ní paracetamol jù. Nínú àwọn ọmọ kékeré, kì í ṣe pé wọ́n gbé odidi ìgò dà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń fa ìjàm̀bá nìkan. Fífi díẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lè ṣe iṣẹ́ ibi kan náà láìsí ariwo. Oògùn tó wà lọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1956 ni, àmọ́ ọdún 1966 ni àwọn dókítà ibẹ̀ tó kọ̀wé jáde pé àpọ̀jù rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀ run. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi lò ó kí wọ́n tó mọ ìyẹn, torí pé tí a bá lò ó bó ṣe yẹ, oògùn pẹ̀lẹ́ ni lóòótọ́.

mg yàtọ̀ sí ml

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó léwu jù wà. mg ni ìwọ̀n oògùn gan-an. ml ni ìwọ̀n omi tí wọ́n pò ó mọ́. Kọ́ọ̀bù ẹmu kan àti kọ́ọ̀bù ògógóró kan, omi inú wọn dọ́gba. Ẹ bi ẹni tó mu wọ́n léèrè bóyá wọ́n dọ́gba.

Paracetamol olómi tó wà lọ́jà pín sí oríṣi mélòó kan. Síróòpù tó wọ́pọ̀ ní 120 mg tàbí 125 mg nínú 5 ml. Òmíràn wà fún àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, èyí tó ní 250 mg nínú 5 ml, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni dírọ́ọ̀pù ọmọ ọwọ́ wà, ìgò kékeré tó ní ọ̀pá ìfàmu lórí. Nínú ọ̀pọ̀ dírọ́ọ̀pù, 100 mg ló wà nínú ml kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí wé síróòpù, tí kò ní ju 24 tàbí 25 mg lọ nínú ml kan. Dírọ́ọ̀pù fi ìlọ́po mẹ́rin ki jù ú lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé oògùn ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ọmọ ńlá lọ. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Wọ́n jẹ́ kó ki kí ọmọ tí kò lè gbé omi púpọ̀ mì lè rí oògùn tó tó nínú ẹ̀kán díẹ̀. Ìgò dírọ́ọ̀pù 15 ml ní 1,500 mg nínú. Ìgò síróòpù 60 ml, tó tóbi jù ú lọ dáadáa, ní 1,440 mg. Èyí tí kò kún ọwọ́ ló gbé oògùn púpọ̀.

Ní báyìí, ká ní síróòpù tán nílé, ni ẹnì kan wá lọ ra dírọ́ọ̀pù ní kẹ́míìsì, tí wọ́n sì ń bá ṣíbí 5 ml tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. 500 mg lọmọ náà gbé mì lẹ́ẹ̀kan, odidi tábúlẹ́ẹ̀tì àgbà kan. Tó bá jẹ́ ọmọ kílò 10, 50 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ó di 200 mg. Nítorí irú àṣìṣe yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ní Amẹ́ríkà ṣe kéde ní ọdún 2011 pé àwọn yóò dá dírọ́ọ̀pù aláki dúró, kí gbogbo paracetamol olómi ọmọdé lè ní ìwọ̀n kan náà, 160 mg nínú 5 ml. Lọ́dọ̀ wa, méjèèjì ṣì jókòó ti ara wọn lórí pẹpẹ. Bí ìbátan yín bá sì fi ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ láti Houston tàbí Maryland, ẹ rántí pé 160 mg ni tirẹ̀, kì í ṣe 120.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ wá kílò ọmọ. Káàdì àjẹsára ni ibi tó yá jù láti wò, torí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n bá gbé e wá gba abẹ́rẹ́. Àmọ́ kílò oṣù mẹ́sàn-án kò ní wúlò fún ọmọ ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní òṣùwọ̀n àgbà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọmọ dání, ẹ dúró lé e, ẹ ka iye rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ fún ẹlòmíràn, ẹ tún dúró lé e. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkínní. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n rárá, ìṣirò kan wà tí àwọn dókítà ń fi fojú bù ú fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́fà: ẹ fi 2 ṣe ìlọ́po ọdún rẹ̀, kí ẹ fi 8 kún un. Ọmọ ọdún mẹ́ta yóò jẹ́ kílò 14. Ṣùgbọ́n ìfojúbù ni. Bí ọmọ yín bá tín-ínrín ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má lò ó fún un, torí yóò sọ ọ́ di ẹni tó wúwo ju bó ṣe wà lọ. Ọmọ tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ńkọ́? Ẹ lo kílò tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ọ̀rá kì í palẹ̀ oògùn mọ́ bí ẹ̀dọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ara ìgò, kí ẹ rí iye mg tó wà nínú ml mélòó. Bí ó bá jẹ́ síróòpù tó ní 120 mg tàbí 125 mg nínú 5 ml, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí kò ní dójú tì yín: ìdajì kílò ọmọ ni iye ml tí yóò mu. Kílò 8, 4 ml. Kílò 10, 5 ml. Kílò 14, 7 ml. Kílò 20, 10 ml. Ohun tí yóò kàn kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 mg tàbí díẹ̀ lé, ó sì bọ́ sáàrin 10 sí 15 gẹ́lẹ́. Ẹ má lo ọ̀nà yìí fún dírọ́ọ̀pù tàbí fún síróòpù 250 mg. Fún dírọ́ọ̀pù tó ní 100 mg nínú ml, ọmọ kílò 5 kò nílò ju 0.6 ml lọ.

Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Bí ó bá di dandan, wákàtí mẹ́rin. Kò gbọ́dọ̀ dín sí bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàrin wákàtí 24. Bí ọmọ bá bì lójú ẹsẹ̀ tó mu ún, ẹ lè tún un fún un. Bí ó bá ti tó wákàtí kan, ẹ fi sílẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ kílò nínú ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Bí ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbóná tó 38, ilé ìwòsàn lẹ kọ́kọ́ máa gbé e lọ. Ibà nínú ọmọ ọwọ́ lè jẹ́ àkóràn inú ẹ̀jẹ̀, paracetamol yóò sì kàn bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Nípa ṣíbí, mo lè sọ ọ́ kúrú. Ṣíbí ìmu tíì inú ilé yín kì í ṣe òṣùwọ̀n. Òmíràn gba 3 ml, òmíràn gba 7. Tí ẹnì kan bá wá mú ṣíbí ìjẹun tó tóbi, ìyẹn lè gba 15 ml. Ẹ ra sírínjì 5 ml ní kẹ́míìsì, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù dáadáa. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìlà tó wà lára rẹ̀ sì dájú ju ojú ẹnikẹ́ni lọ. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ ó máa rọra fún un sí, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun.

Àwọn oògùn tó ń bò ó mọ́lẹ̀

Oògùn eyín híhù, oògùn ọ̀fìnkìn, oògùn òtútù: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní paracetamol nínú, orúkọ ńlá tó wà níwájú páálí kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn. Bí ọmọ bá ti ń mu síróòpù ibà, tí wọ́n tún ń fún un ní ti ọ̀fìnkìn, ó ṣeé ṣe kó máa gba ìlọ́po méjì. Nínú ilé tí ìyá, bàbá, màmá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀ ti jọ ń tọ́jú ọmọ, ewu rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ aago tí wọ́n fún un sí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ìyàwó ilé kan lè rò pé ìyá ọkọ òun ò tíì fún ọmọ ní nǹkan kan, kí ìyá náà sì ti fún un kó tó lọ sí ìsọjí.

Ibuprofen jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Stewart Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Boots, ní Nottingham, ló ṣe é jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, ó sì dára fún ìrora tó bá wíwú rìn. Fún ọmọdé, 5 sí 10 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni, lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó má sì ju 30 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lọ láàrin ọjọ́ kan. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ẹ má fún ọmọ tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, torí kíndìnrín tí omi kò tó fún ni oògùn yìí máa ń dà láàmú. Àwọn kan ń fún ọmọ ní paracetamol àti ibuprofen ní ìpààrọ̀, ìkan ní wákàtí yìí, ìkejì lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Dókítà lè sọ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í. Nínú òru, tí oorun ń kunni, kò pẹ́ tí ìṣirò fi ń dàrú.

Aspirin sì ni èyí tí kò yẹ kí ẹ fún ọmọdé rárá láìjẹ́ pé dókítà wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ aspirin kó má dárúkọ Alábùkún. Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1918, àwòrán rẹ̀ sì ṣì wà lára ìdì rẹ̀ títí di òní. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Oògùn tó ti fi orí fífọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lélẹ̀ ni, mi ò sì ní bú u. Àmọ́ ti àgbà ni. Àwọn dókítà ti rí i pé aspirin nínú ọmọ tí àìsàn bí ọ̀fìnkìn tàbí ṣọ̀pọ̀ná adìyẹ bá ń ṣe lè fa àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Reye, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ ní 1986 pé kí wọ́n má fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní aspirin, wọ́n sì gbé e dé ọdún 16 ní 2002. Ìdajì ìdì Alábùkún kan fún ọmọdé kò yí i padà sí oògùn ọmọdé.

Ìbẹ̀rù gìrì

Bí a bá béèrè ohun tó ń mú kí òbí tó mọ̀wé pàápàá fi oògùn kún oògùn, ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ gìrì. Wọ́n gbà pé bí ara ọmọ bá gbóná kọjá àyè kan, gìrì á gbé e, àti pé paracetamol tó pọ̀ ni odi tó lè dá a dúró. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ẹni tó bá ti rí gìrì rí kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì rí i pé paracetamol kì í dá gìrì ibà dúró, yálà ó kéré ni tàbí ó pọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ló máa ń ṣe, nígbà míràn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ rárá pé ara rẹ̀ gbóná. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kì báà ṣe ṣíbí, kì báà ṣe oògùn. Ẹ má sì fi iná kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù pò, èyí tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kígbe lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, tún burú ju gìrì náà lọ. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, torí ibà tó ń fa gìrì ládùúgbò wa lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn tó ti wọ orí.

Ohun tí paracetamol ń ṣe gan-an ló yẹ kí ìlò rẹ̀ gbé ẹ̀yìn lé. Kì í wo ibà ẹ̀fọn. Kì í wo àkóràn. Ó ń jẹ́ kí ara ọmọ balẹ̀, kó lè mu omi, kó lè jẹun, kó lè sùn. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní paracetamol tí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí tẹmómítà rẹ̀ wà ní 37.9, tó ń ṣeré, tó ń mu omi, kò nílò ohunkóhun ju pé kí wọ́n bọ́ súwẹ́tà tí wọ́n wọ̀ fún un nínú oòrùn oṣù kẹta Abuja.

My Pikin àti ohun tí kò jẹ mọ́ ìwọ̀n

Àwọn kan sì wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ paracetamol olómi mọ́ láti ọdún 2008. Ọdún yẹn ni oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa àwọn ọmọ káàkiri Nàìjíríà; 84 ni iye tí ìjọba kà. Paracetamol wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe òun ló pa wọ́n, kì í sì í ṣe pé àwọn ìyá fún wọn ní àpọ̀jù. Èròjà olómi tí wọ́n fi pò ó ní diethylene glycol nínú, májèlé tó wọ́pọ̀ nínú omi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tó sì máa ń dí kíndìnrín pa. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní 1990, ní Ìbàdàn àti Jos, kí wọ́n tó dá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀ ní 1993. Lórí èyí, bí òbí tilẹ̀ mọ kílò ọmọ rẹ̀ dájúdájú, ìyẹn kò lè gba ọmọ náà là. Ohun tí òbí lè ṣe ni kó ra oògùn tó ní nọ́ḿbà NAFDAC ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ, kó sì kíyè sí ìtọ̀ ọmọ. Ọmọ tó mu oògùn, tí kò wá tọ̀ mọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kò gbọ́dọ̀ sun ilé mọ́jú.

Ti àgbà

Ní Apo Mechanic Village, níbi tí àwọn tó ń lu pánẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ti ń fi ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, oògùn ìrora jẹ́ ara owó oúnjẹ. Àgbà tó lé ní kílò 50 lè lo tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ láàrin wákàtí 24. Ṣùgbọ́n kílò kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí pé ènìyàn ti dàgbà. Ìyá arúgbó kílò 40 tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì méjì mì ti gba 25 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń mu ògógóró tàbí páragà lójoojúmọ́ náà gbọ́dọ̀ dín in kù, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Oògùn aládàpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún àwọn òṣìṣẹ́, tí kò ní orúkọ, tí kò ní páálí, kò ṣeé ṣírò, nítorí náà kò ṣeé mu.

Bí ó bá ti pọ̀ jù

Ká ní ẹ ṣàdéédé rí i pé dírọ́ọ̀pù lẹ fi ṣíbí wọ̀n, tàbí pé ọmọ fúnra rẹ̀ ṣí ìgò tó wà lórí tábìlì. Ẹ má dúró kí àmì yọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ lè bì díẹ̀, ó sì lè má ṣe nǹkan kan rárá. Ó lè máa sá kiri àgbàlá. Ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ẹ̀dọ̀ ń fi hàn: ojú pípọ́n bí ẹni tó ní àrùn jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, oorun tí kò dáa. Nígbà yẹn, ọ̀nà ti ń dí. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní acetylcysteine lè dá èròjà tó tán lára ẹ̀dọ̀ padà, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù.

Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ìka ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Láti Apo, Asokoro District Hospital àti National Hospital kò jìnnà. Ẹ gbé ìgò oògùn náà dání, èyí tó ṣófo pàápàá, torí dókítà yóò fẹ́ ka mg tó wà lára rẹ̀. Ẹ sọ aago tó mu ún, iye tí ẹ rò pé ó mu, àti kílò rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ọmọ kílò 10 mu nǹkan bíi 1,500 mg ní aago méjì ọ̀sán, wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi yín ní ìbéèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.